ILẸ̀ Ń MÍ SÍNÚ ILÉ WA: TA NI YÓÒ BÉÈRÈ?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni: ilẹ̀ tí a kọ́lé lé lórí, ilẹ̀ tí a gbẹ́ kànga sí, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa ń tẹ́ ẹní lé sùn. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí la máa ń wò kí a tó kọ́ ilé? A máa ń wo ìwé. A máa ń béèrè bóyá ọmọ onílẹ̀ ti ta á fún ẹlòmíràn. A máa ń pe sọ́féyọ̀. A máa ń da òróró sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, a ó sì gbàdúrà pé kí ohun búburú kankan má rí ibẹ̀ gbé. Gbogbo èyí dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a kì í béèrè: kí ni wọ́n ti dà sínú ilẹ̀ yìí kí a tó dé? Ṣé ilé epo ló wà níbẹ̀ rí? Ṣé ọgbà mẹkáníìkì ni, tí wọ́n ti da ọ́ìlì dúdú sílẹ̀ fún ogún ọdún? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà fọ kóòtù àti agbádá ni? Ṣé ààtàn ni?

Àìbéèrè yìí ni a dìde sí lónìí, nítorí pé ó lè pa ènìyàn.

OLÈ TÍ KÌ Í KAN ILẸ̀KÙN

Bí ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù nínú oòrùn, ẹ ó rí ohun kan tó ń gbọ̀n lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì náà, bí ooru ọ̀sán ṣe máa ń gbọ̀n lójú títì. Ooru epo nìyẹn. Kò dúró de iná kó tó gbéra. Ibikíbi tí epo bá wà ni ooru rẹ̀ ti ń jáde, kódà lábẹ́ ilẹ̀.

Táńkì ilé epo wà lábẹ́ ilẹ̀. Irin ni púpọ̀ nínú wọn, irin sì máa ń dípẹtà. Bí táńkì bá lu, tàbí páìpù rẹ̀ bá là, epo yóò máa ro wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ní pariwo. Nígbà tó bá kan omi abẹ́ ilẹ̀, kò ní rì, nítorí epo fúyẹ́ ju omi lọ. Yóò léfòó sórí omi, yóò sì máa bá omi náà rìn lọ sí abẹ́ ilé ẹni tí kò ra epo kankan.

Láti ibẹ̀ ni ooru rẹ̀ yóò ti máa gòkè. Ilẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ooru yìí yóò gba ibi tí kọnkéré ilẹ̀ ilé ti sán wọlé. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ páìpù ilé ìwẹ̀, yóò gba ibi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé. Bó bá pọ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí, nítorí ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Ta ló wà nísàlẹ̀? Ọmọ tó ń rá kòrò ni. Ẹni tó sùn sórí ẹní ni. Lóru, nígbà tí a bá ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn àti nítorí olè, àwa fúnra wa la tilẹ̀kùn mọ́ ara wa pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú epo bẹntiróòlù ni bẹnsíìnì wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ náà sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan nínú afẹ́fẹ́ tí a lè pè ní èyí tí kò léwu. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé imú. Ó lè wà nínú ilé ní ìwọ̀n tó ń ba ara jẹ́ kí imú má gbọ́ ọ rárá. Imú tó bá sì ti ń gbọ́ òórùn kan lójoojúmọ́ kì í pẹ́ mọ́ ọn lára.

A kò fẹ́ dẹ́rù bà yín lásán, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ìdajì kejì òtítọ́ náà. Ọlọ́run fi àwọn kòkòrò tín-tìn-tín sínú ilẹ̀ tí ń jẹ ooru epo, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde lórí èyí. Bí ilẹ̀ tó mọ́, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 15, bá wà láàrin ilé àti epo tó léfòó lábẹ́, tàbí ẹsẹ̀ bàtà 6 bó bá jẹ́ pé epo náà kàn yòrò sínú omi ni, ewu rẹ̀ fún ilé máa ń dín kù púpọ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo agboolé wa. Kànga ńkọ́? Kànga ni ihò tí a fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ la ilẹ̀ yẹn kọjá, láti ojú omi títí dé ẹ̀bá fèrèsé yàrá. Kòkòrò wo ni yóò jẹ ooru tó ń gba inú kànga gòkè? Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ aṣọ láìlo omi, àti èyí tí wọ́n fi ń fọ girísì kúrò lára irin, kì í tilẹ̀ jẹrà kíákíá nínú ilẹ̀ bí epo bẹntiróòlù.

Ó TI ṢẸLẸ̀, KÌ Í ṢE ÀLỌ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí, kí ó lọ sí Baruwa ní Ìpájà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ará wa níbẹ̀ ju garawa sí kànga láti fa omi, epo ni wọ́n fà jáde. Páìpù NNPC tó ń gbé epo gba abẹ́ ilẹ̀ ló jò, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga ni wọ́n pa tì. Àwọn ìdílé tó ti gbẹ́ kànga tiwọn di ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n wọ́de, ọdún ń yí lu ọdún. Ẹ̀yin ará, a ti mẹ́nu ba omi wọn. Ta ló wọn afẹ́fẹ́ inú yàrá wọn? Bí epo bá wà nínú kànga tó wà lẹ́bàá yàrá, kí ni ẹ rò pé ó wà nínú yàrá?

Ní Ogale, nílẹ̀ Eleme, ní ìpínlẹ̀ Rivers, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè gbé àbọ̀ ìwádìí jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Wọ́n bá àwọn ìdílé tí ń mu omi kànga tí bẹnsíìnì inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po 900. Nítòsí ibẹ̀, epo tí wọ́n ti fọ̀ léfòó lórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2016 kí igbákejì ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó lọ ṣí iṣẹ́ ìmọ́tótó Ogoni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tí àbọ̀ náà jáde ti ń lọ sí ilé ìwé.

Ní ìlú Guadalajara ní Mexico, àwọn ará àdúgbò Analco gbọ́ òórùn epo nínú gọ́tà àti nínú ilé wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Àwọn aláṣẹ wá, wọ́n wò ó, wọn kò kó ènìyàn kúrò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1992, ooru epo tó ti kún inú gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ gbiná. Òpópónà la sí méjì fún kìlómítà púpọ̀, ó ju 200 ènìyàn lọ tó kú. Páìpù omi kan tí wọ́n rì mọ́ páìpù epo ló mú kí páìpù epo náà dípẹtà, tó fi lu. Àwọn tó kú kò kú nítorí pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n kú nítorí pé àwọn tó mọ̀ ní kò tíì tó nǹkan.

Ẹ tún gbọ́ ti Love Canal, ní ìlú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan rì nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró sínú kòtò kan, ó sì ta ilẹ̀ náà ní dọ́là 1 péré fún ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní ọdún 1953. Wọ́n kọ́ ilé ìwé ọmọdé lé e lórí. Nígbà tó yá, kẹ́míkà ń ro wọ yàrá abẹ́ ilé, òórùn rẹ̀ ń gòkè sí ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ta ló kó àdúgbò jọ? Kì í ṣe sẹ́nétọ̀. Ìyá ilé kan ni, Lois Gibbs, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé ìfọwọ́sí. Ní ọdún 1978, Ààrẹ Carter kéde ipò pàjáwìrì níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìdílé kúrò. Ní ọdún 1980, ọ̀rọ̀ náà bí òfin tuntun fún gbogbo Amẹ́ríkà lórí ìmọ́tótó ilẹ̀ olóró.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tó wọ́pọ̀ nínú gbogbo ìtàn yìí: àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, àwọn ni wọ́n sì gbọ́ tiwọn kẹ́yìn.

Ẹ MÁ FI Ẹ̀ṢẸ̀ TÁŃKÌ KAN ÌYÁ ARÚGBÓ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa onígbàgbọ́ rèé. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé, tí òòyì ń kọ́ ọmọ, tí ọkàn ń rìn, kí la máa ń kọ́kọ́ sọ? A máa ń sọ pé ogun ilé bàbá ni. A máa ń wo ìyá arúgbó tó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ojú kan tí a kò lè fi wo ìyá tiwa. A ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì padà sùn nínú yàrá kan náà.

A kò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. A kò sì sọ pé gbogbo orí fífọ́ ló wá láti abẹ́ ilẹ̀. Ibà wà, ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀sùn àjẹ́ tí a fi kan aláìṣẹ̀ nígbà tí táńkì ń jò, ẹ̀rí èké ni. Ó ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́, ó sì jẹ́ kí ẹni tó ni táńkì lọ láìdáhùn.

Ẹ ka Léfítíkù orí 14, láti ẹsẹ 33. Ọlọ́run fún Mósè ní òfin lórí ilé tí àrùn bá wọ ara ògiri rẹ̀. Kí ni àlùfáà ní láti ṣe? Yóò ní kí wọ́n kó ẹrù jáde. Yóò wọlé, yóò yẹ ara ògiri wò. Yóò ti ilé náà fún ọjọ́ méje, yóò sì padà wá wò ó. Bó bá ti tàn kálẹ̀, wọn yóò yọ òkúta tí àrùn náà wà lára rẹ̀, wọn yóò ha amọ̀ ara ògiri dànù sí ẹ̀yìn ìlú, wọn yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bó bá tún padà, wọn yóò wó ilé náà. Ìwádìí ni, àtúnwádìí ni, àtúnṣe ni, kí ètò ìwẹ̀nùmọ́ tó tẹ̀ lé e. Àlùfáà kò béèrè ẹni tó rán àrùn sí ilé náà. Ilé gan-an ló yẹ̀ wò. Nínú Diutarónómì 22:8 ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá kọ́ ilé láìṣe ìgbátí sí òrùlé, bí ènìyàn bá jábọ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà wà lórí ilé rẹ̀. Bí onílé bá jẹ̀bi ẹni tó jábọ́ láti òkè, ṣé kò ní jẹ̀bi ẹni tí májèlé bá láti ìsàlẹ̀?

ÀWỌN ÀWÁWÍ TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Wọ́n á ní, “Ìjọba ni kó ṣe é.” Bẹ́ẹ̀ ni, ojúṣe ìjọba ni. Òfin epo ti ọdún 2021 gbé àjọ NMDPRA kalẹ̀ láti máa bójú tó ilé epo. NOSDRA ti wà láti ọdún 2006 fún epo tó bá dà sílẹ̀. Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Ifẹ̀ wà ní Òkè-Ogbo níbí. Ṣùgbọ́n ìjọba tí a kò kọ̀wé sí yóò sọ pé òun kò gbọ́. Ìwé wa dà?

Wọ́n á ní, “Ilé epo ń fún àwọn ọmọ wa níṣẹ́.” A kò bá ilé epo jà, a kò sì sọ pé ilé epo kankan ní àdúgbò wa ń jò. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ń ta epo láàrin ilé àwọn ènìyàn jẹ wọ́n ní ẹ̀rí pé táńkì rẹ̀ kò jò. Bí ó bá ń fi ọ̀pá wọn táńkì láràárọ̀, tó ń fi iye tó tà ro iye tó kù, yóò tètè mọ̀ bí epo bá ń sọnù. Ẹni tó bá ń wọn owó rẹ̀ lálẹ́ tí kò wọn táńkì rẹ̀ láàárọ̀ ti fi ohun tó fẹ́ràn hàn wá.

Èyí tó burú jù ni èyí tí wọn kì í sọ síta: “Ẹni ńlá ni nínú ìjọ, òun ló ra jẹnẹrétọ̀ fún wa.” Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ gbọ́ wa. Bí ọrẹ ẹnì kan bá lè pa yín lẹ́nu mọ́ lórí ohun tí àwọn ọmọ Sunday School ń fà símú, kì í ṣe ọrẹ ni ẹ gbà. Owó ìdákẹ́ ni. Ìjọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwa la máa ń sáré gba ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, ọgbà mẹkáníìkì àtijọ́, ilé epo tó ti kú, nítorí owó rẹ̀ dín. A kun ún lọ́dà, a gbé àsíá sí i, a kó ọmọ ọwọ́ sí yàrá tó súnmọ́ ilẹ̀ jù. Ta ló yẹ ilẹ̀ náà wò?

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢE

Àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra ilẹ̀ tàbí kí ẹ tó san owó ilé, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ohun tó wà níbẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Wọ́n mọ̀. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀ bí ajẹ́ntì.

Ìkejì, ẹ jẹ́ ká ṣe àyẹ̀wò. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní ìlú wa. Ó ní ẹ̀ka kẹ́mísítírì, ó sì ní ibùdó ìmọ̀ nípa àyíká. Ẹ jẹ́ ká lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n á gba omi kànga. Fún afẹ́fẹ́, wọ́n á lu ihò kékeré sí ilẹ̀ kọnkéré, wọ́n á ki ọ̀pá tín-ínrín bọ̀ ọ́, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilé, wọ́n á sì fi wé ti inú yàrá àti ti ìta. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó: ẹ ṣe é nígbà òjò, ẹ ṣe é nígbà ẹ̀rùn, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ kó kẹ́ẹ̀gì epo àti jẹnẹrétọ̀ jáde nínú ilé. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ wa ti ń tọ́jú epo sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ewu ni fúnra rẹ̀, ó sì máa ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Bí ilé mẹ́wàá bá dawó pọ̀, ẹrù náà yóò fúyẹ́. Kí ìjọ san ti opó.

Ìkẹta, fún ilé tuntun ní ibi tí a bá fura sí: kí bíríkìlà da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kó tó da kọnkéré, kí ó tẹ́ páìpù oníhò sínú rẹ̀, kí ó gbé ẹnu páìpù náà gba ara ògiri jáde lókè òrùlé. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ́ náílọ̀n tó nípọn tí kò ya níbikíbi, kí kọnkéré tó wá sórí rẹ̀. Ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀: ẹ dí gbogbo ibi tó sán, ẹ dí ẹ̀gbẹ́ páìpù, ẹ de kànga, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó pọ̀, a lè fi fáànù kékeré fa ooru abẹ́ ilé gba páìpù lọ sókè. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ni wọ́n ṣe é sí ní Endicott, ní ìpínlẹ̀ New York, nígbà tí kẹ́míkà láti ilé iṣẹ́ IBM dé abẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìtìlẹ́yìn lásán ni gbogbo èyí. Ẹni tó da epo sílẹ̀ ni òfin gbọ́dọ̀ mú kó kó o kúrò.

Ìkẹrin, bí ẹ bá gbọ́ òórùn epo tó le nínú ilé tàbí nínú kànga: ẹ má tan iná, ẹ má ṣáná, ẹ má tẹ bọ́tìnnì iná mànàmáná. Ẹ jáde, ẹ pe aládùúgbò, ẹ pe panápaná. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga náà láti lọ wò ó. Ooru ibẹ̀ lè pa á kó tó dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí NMDPRA àti ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ gba òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tiyín. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ tún kọ.

Bí ara ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà. Kò mọ onílé yàtọ̀ sí ayálégbé, kò mọ ìjọ tiwa yàtọ̀ sí mọ́ṣáláṣí tó kọjú sí wa. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan ní àdúgbò yín ohun tó wà ní ilẹ̀ yín kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé wa. Láti ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà.

Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti béèrè. Àmín.